Wọ́n Di Ẹsẹ̀ Ògúnrìndé Dáadáa

Philomène, ọmọ àbúrò mi, ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ Fàdá ní Àjàṣẹ́ ló kọ́ ọ ní ìwé Faransé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Àgbádárìgì ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ èdè tiwa. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ ni Ọ̀ṣuntóyè ti Ìfàngní, ìyá tó bí ìyá Ògúnrìndé. N kò mọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún Philomène pé kí ó má ṣe fi oyin sí i. Bí mo bá pe ènìyàn ní òpùrọ́, kí ó kọ òpùrọ́.

Ògúnrìndé kú. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ìrọ̀lẹ́ ni, lórí ẹní, nínú ọgbà Fábíyìí, ẹni tó ń to eegun ní ìlú wa. Nígbà tí ó kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà láàárín ọparun mẹ́fà tí wọ́n ti fá, tí ara wọn ń dán. Wọ́n fi okùn dì í yíká ní ọ̀nà márùn-ún, ìkẹfà ló kù, ìdì kan kò sún mọ́ èkejì ju bó ti yẹ lọ. Mo ti dàgbà, mo ti rí ẹsẹ̀ tó kán, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹsẹ̀ tí a dì dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ yẹn ìbá san. Ẹni tó ni ín ló kú.

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹsẹ̀ ń lọ sí ìlera, ọkùnrin ń lọ sí sàréè. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ Fábíyìí. Kí ẹ kí i kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará Daagbé àti Banigbé tí ẹ kò mọ Ògúnrìndé, akọpẹ ni. Ó ń gun ọ̀pẹ, ó ń gé ẹyìn wálẹ̀, òun ni ó sì mọ igi tó ga jù ní gbogbo àgbègbè wa bí ẹni mọ ìyẹ̀wù ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì lè rìn, èmi ni mo tọ́ ọ. N kò ní parọ́ mọ́ òkú. Kì í ṣe ọmọ dáadáa ní kékeré. Á jí ẹja nínú ọbẹ̀, bí mo bá bi í, á ní ológbò ni. A kò sì ní ológbò nílé. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í yá ohun ènìyàn kó gbàgbé láti dá a padà. Ó fẹ́ Àwẹ̀ró, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Ìyẹn nìkan kò tó ohun tí n óò fi da ìlú láàmú. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ rèé. Lọ́dún tí òjò pọ̀, ògiri ilé tí a ti ń fọ epo wó lu ènìyàn mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìlú sáré débẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni gbogbo wọn sì sáré lọ. Ẹni náà ni Ṣàngódèyí, àgbàlagbà kan tí apá rẹ̀ kán. Ó ń ké pé òun ti kú, pé kí wọ́n lọ pe àwọn ọmọ òun. Ògúnrìndé fò ó kọjá.

Ṣàngódèyí ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fọ́jú ni?"

Ògúnrìndé ní, "Mo rí yín, bàbá. Ẹni tó ṣì lè bú ènìyàn, ó ṣì kù díẹ̀ kó tó kú."

Ó lọ bá ẹnì kan tó jókòó jẹ́ẹ́, tó fẹ̀yìn ti òpó, tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kò sí ohun tó ṣe òun, òùngbẹ nìkan ló ń gbẹ òun. Ògúnrìndé ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, inú rẹ̀ funfun bí òwú. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Ó tẹ́ ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ikùn náà le. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e dìde. Orí pákó ni wọ́n gbé e sí ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, kò dìde rìn fún ọjọ́ méjìlá. Ó yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ àwọn tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, mẹ́jọ yè, ẹnì kan ṣoṣo tó kú ti kú kí a tó wú ògiri kúrò lórí rẹ̀. Ṣàngódèyí náà wà láàyè títí dòní, ó sì ń bú ènìyàn.

Ta ni ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ yẹn? Ifátóòkí ni. Ọmọ Fábíyìí ni. Philomène, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà fò wọ́n. Ọmọ Fábíyìí ni.

Kò sí ẹni tó kọ́ Ògúnrìndé. Ó rí akọpẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó já bọ́ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ onítọ̀hún, ó kú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ikùn tó wú. Gbogbo ènìyàn rí i. Ògúnrìndé rí i, ó sì rántí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ pé bí ènìyàn bá gba ọgbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a má kọ́kọ́ wo ibi tó ń dùn ún. Kí a wò ó bóyá ó ń mí dáadáa. Kí a wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde, kí a sì dí i. Kí a bi í ní orúkọ rẹ̀. Kí a wo ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a tó wá eegun. Ó máa ń ní, "Eegun kì í sá lọ."

Ẹ kò kọ̀ ọ́ fún un nígbà tí ó fi gba ọmọ yín là. Ọlọ́gbọ́n ni ẹ pè é. Ẹ̀bùn ni ẹ ní ó ní.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ní kùtùkùtù, ó gun ọ̀pẹ kan ní oko Àkànní. Àkànní ni olórí àwọn akọpẹ. Igbà tó fi ń gun igi já. Ó já bọ́, àdá bá a bọ́. Àdá la apá òsì rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Itan ọ̀tún kán. Ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì lu kùkùté kan tó wà nísàlẹ̀. Ọgbẹ́ mẹ́ta. Méjì hàn sójú, ọ̀kan kò hàn.

Ẹ̀yin ará ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń pín ènìyàn ní Ìfàngní. Bí irin bá gé ènìyàn, egbò náà ti ilé alágbẹ̀dẹ ni, nítorí Ògún ló ni irin. Bí eegun bá kán, ti ilé Fábíyìí ni. Bí ènìyàn bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, abẹ́ ọ̀pẹ tí ó wà yẹn ti olórí akọpẹ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ kí olórí tó wá tu ọ̀pẹ lójú. Olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wọ ilé ẹlòmíràn. Àṣà tó mọ́ ni, ó gún régé. Ikùn nìkan ni kò ní ilé. Kò sí ìdílé tí a fi ikùn fún.

N kò sí níbẹ̀ ní òwúrọ̀, mo lọ sí Daagbé. Ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀ léèrè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó já gèlè rẹ̀, ó fẹ́ fi di apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ògúnyẹmí alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n ti sáré lọ pè, ló dá a dúró.

"Mú aṣọ yẹn kúrò. Aṣọ obìnrin kì í kan egbò irin."

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, ẹ fi tiyín dì í nígbà náà."

"Kò tíì kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ. Abẹ́ ọ̀pẹ kì í ṣe tèmi. Ti Àkànní ni."

"Àkànní lọ sí Igolo, bàbá!"

"A ó dúró dè é."

Wọ́n dúró dè é. Alágbẹ̀dẹ jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń wo òjò. Fábíyìí dé, ó ti kó ọparun rẹ̀ sábẹ́ apá. Òun náà kò lè fọwọ́ kan eegun kí alágbẹ̀dẹ tó parí ti irin. Ògúnrìndé ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Bàbá Fábíyìí, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ikùn mi. Mo tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni."

Fábíyìí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ti di oníṣègùn ara rẹ ni? Ikùn ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Kí ó sè fún ọ bó bá di alẹ́. Èmi, eegun ni tèmi."

Àwọn tó yí wọn ká rẹ́rìn-ín. Mo ti gba orúkọ gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ti wà lókè orí kí Àkànní tó dé. Wọ́n ti lọ pè é láti àárọ̀. Ó jẹun kó tó wá. Ó tẹ́ màrìwò méje sílẹ̀, ó bu omi wọ́n ìdí igi, ó bẹ ọ̀pẹ kí ó má bínú. Ó bẹ ọ̀pẹ! Ṣé ọ̀pẹ ló já bọ́? Ọ̀pẹ dúró síbi tó wà, kò sí ohun tó ṣe é, òun ni wọ́n ń tù lójú. Nígbà tó parí, alágbẹ̀dẹ ta epo sí egbò, ó wá dì í. Kí ló ń dì? Ilẹ̀ ti mu ohun tó yẹ kó dí mọ́ inú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pọ̀n ọ́n. Wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ọkùnrin kan bí ọmọ ọwọ́, ní òòró, ẹsẹ̀ tó kán ń jù fìrìfìrì, wọ́n sì gbé e rìn láti oko dé ilé Fábíyìí. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ rí bí ó ṣe ní kí a tẹ́ Ifátóòkí sórí pákó. Ojú yín ni. Kí ló pa ìrántí yín?

Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn. Ètè rẹ̀ ti di eérú. Ó ní, "Ìyá, ẹ ní kí wọ́n gbé orí mi kúrò lórí ìrọ̀rí, kí n dùbúlẹ̀ gbalaja." Mo gbé e kúrò. Mo bọ́ aṣọ ìlékè mi, mo fi bò ó. Mo tẹ́ ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ bí mo ti rí i tó ń ṣe, ó le bí pákó. Mo fẹ́ fún un lómi, ó ní kí n fi nu ètè òun nìkan. Ẹni tó ń kú ló ń kọ́ mi bí n óò ṣe tọ́jú ẹni tó ń kú, nítorí nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Fábíyìí, wo ikùn ọmọ yìí."

Fábíyìí ní, "Ìyá, ẹ yẹ̀ fún mi díẹ̀. Ìdì karùn-ún ni mo dé."

Ògúnrìndé kú kí ó tó dé ìkẹfà. Mo rí i nígbà tó lọ. Fábíyìí di ìkẹfà, ó fa okùn, ó fi ìka gbá a wò bóyá ó le. Ìgbà náà ló tó wo ojú rẹ̀.

Ẹ rò pé ó tán. Kò tán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kóra jọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, òkú burúkú ni. Wọ́n ní ó ti ní láti jẹ́ pé ó jẹ èèwọ̀ kó tó gun igi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igbà kì bá tí já. Wọ́n ní òkú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé, ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sunkún síta, ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ ogún rẹ̀. Wọ́n lọ bò ó mọ́ igbó, níbi tí a ti ń ju àjákù igbà àti ìkòkò fífọ́ sí. Ẹni tó kó ènìyàn mẹ́jọ bọ̀ láàyè, àárín ìkòkò fífọ́ ló sùn sí.

Òpùrọ́ ni yín. Àkànní, òpùrọ́ ni ọ́. Ògúnyẹmí, òpùrọ́ ni ọ́. Fábíyìí, ìwọ ni ọ̀gá wọn. Ògúnrìndé kò kú lórí ọ̀pẹ, kò sì kú lábẹ́ ọ̀pẹ. Àárọ̀ ló já bọ́, ìrọ̀lẹ́ ló kú. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ta ni ó wà? Ọ̀pẹ fi í fún yín láàyè, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òkú rẹ̀ bá burú, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ ju ọmọ mi sígbó kí ẹ̀bi yín lè bá a wọlẹ̀.

Mo tọ Baálẹ̀ lọ. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó jẹ obì, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Olúkúlùkù ṣe bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe."

Mo ní, "Baálẹ̀, bí ẹni mẹ́ta bá ṣe ohun tó tọ́, tí ọmọ mi sì kú, ta ni kí n bá jà?"

Ó ní kí n gbé e fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló jẹun kó tó wá láti Igolo.

Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé, "Ìyá, ìbá kú náà." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ọwọ́ lé ikùn yẹn, n kì í ṣe òmùgọ̀. Ìbá lè kú bí wọ́n bá ti dí ẹ̀jẹ̀ ní kíá, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, tí wọ́n bò ó. Ìbá sì lè yè bí Ifátóòkí ti yè. Ta ló mọ̀? Ẹ kò gbà wá láàyè láti mọ̀. Ẹ̀rín lẹ fi rín in. Ẹ má sọ fún mi pé omi ti dà, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín lẹ fi ta igbá.

Ohun tí mo ti ṣe rèé. Èmi ni mo ń ṣe àdín tí Fábíyìí fi ń pa eegun, tí Ògúnyẹmí fi ń tọ́jú egbò. Láti ọjọ́ tí a ti bo Ògúnrìndé, ìkòkò àdín mi ti dojú dé. Àwa mẹ́fà ni à ń ṣe é ní Ìfàngní, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ti dojú ìkòkò dé fún ilé àwọn mẹ́ta yẹn. Aláìsàn tó bá nílò àdín, kí ẹbí rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ wa fúnra wọn. Fábíyìí rán ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ó ní ọkọ òun kò ní ohun tí yóò fi pa ẹsẹ̀ àlejò kan. Mo ní, "Kí ó fi itọ́ pa á. Ẹnu rẹ̀ lómi, ó rẹ́rìn-ín dáadáa lábẹ́ ọ̀pẹ."

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ wú Ògúnrìndé nínú igbó fúnra wọn, kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe ọmọ wọn. Kí wọ́n gbé e wálé ní ọ̀sán gangan, gba àárín ọjà, kí wọ́n sin ín sínú ilé rẹ̀ bí a ti ń sin ọkùnrin gidi. Kí olúkúlùkù wọn dúró létí sàréè, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: "Mo jókòó lórí gbòǹgbò." "Mo jẹun." "Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń di okùn." Kí ìlú gbọ́. Lẹ́yìn èyí, kí Baálẹ̀ kéde pé láti òní lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fara pa ní àṣẹ lórí gbogbo ara rẹ̀: kí ó wo èémí, kí ó fi aṣọ yòówù tó bá rí dí ẹ̀jẹ̀, aṣọ obìnrin ni o, aṣọ ọkùnrin ni o, kí ó wo ikùn. Ẹni tí yóò bá pín ara ènìyàn, kí ó dúró kí ènìyàn náà kọ́kọ́ yè.

Títí wọn yóò fi ṣe é, n kò ní dákẹ́. Mo ti dàgbà jù fún ìtìjú, n kò sì tíì dàgbà jù fún ìbínú.

Philomène, gbọ́ bí o ó ṣe rìn. Baálẹ̀ ni o ó kọ́kọ́ kà á fún, ní ọjọ́ ọjà, kí àwọn tó rẹ́rìn-ín lè wà níbẹ̀. Bó bá ní kí o jókòó, má jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ sí Banigbé, kà á fún àwọn akọpẹ kí wọ́n tó gun igi, kí wọ́n lè bi olórí tiwọn ní ìbéèrè. Láti ibẹ̀, gba Daagbé, wá ilé ìyá ọmọbìnrin tí Ifátóòkí fẹ́ gbé níyàwó lẹ́yìn ìkórè. Kà á fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, má fi kún un. Kí ó mọ ilé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, kí ó sì mọ ẹni tó jẹ́ kí ọkọ wà láàyè fún un.

Àwẹ̀ró ni kí o sọ fún gbẹ̀yìn. Ó ní ojú àánú. Bó bá tètè gbọ́, yóò wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fi wọ́n sílẹ̀, n óò sì ní láti lé e jáde.